Bàtà Kan Nínú Àgbàrá

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Mísíìsì Báyọ̀dé ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ìwé aládàáni kan lójú ọ̀nà tó ti Ìkòtún lọ sí Ìjẹ̀gùn. Àtọ́kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló láyà tí yóò pè é bẹ́ẹ̀? Obìnrin náà le. Bó bá wọ kíláàsì, eṣinṣin gan-an á rọra bà. Kì í mú ẹgba lọ́wọ́ o. Ojú ló fi ń na èèyàn.

Ìwé ìtàn àròsọ ló mọ̀ ọ́n kọ́ jù. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi ọmọ, kò sì sí ọmọ tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ wọ́n sórí. Ta ló ń sọ ìtàn yìí fún wa? Níbo ló ti ṣẹlẹ̀? Ta ló dàgbà nínú wọn, ta ni kò kúrò níbi tó wà? Lẹ́yìn náà á tún fi ìkìlọ̀ kan tì í: "Ẹ máa ṣọ́ asọ̀tàn o! Ibi tó bá ti dákẹ́ díẹ̀ kó tó máa lọ, ẹ dúró síbẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ló ti máa ń fi tirẹ̀ kún un."

Bó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin yìí kan náà á wọ sùtánà funfun, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìgàndó. Níbẹ̀, Ìyá Aríran ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀mí bá ti gbé e, akọ̀wé ìjọ á sáré gbé bíírò àti ìwé ńlá kan, á máa kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí ọ̀rọ̀ ìran má baà bọ́ sílẹ̀. Ìwé ìran ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn wà lọ́kàn yín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kejì, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Charles, gbé páálí ìwé kan wọ yàrá àwọn tíṣà, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Mísíìsì, ẹ wá wo nǹkan! Ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ ni, ọmọ tó jáde nílé-ìwé wa níbí ló sì kọ ọ́. Ẹ fi kọ́ àwọn kíláàsì karùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ á wá kí wọn kí táàmù tó parí."

Àtọ́kẹ́ gba ẹ̀dà kan. *Ọjọ́ Méje Lábẹ́ Àbò* ni wọ́n pe ìwé náà. Ó yí i sẹ́yìn láti wo àwòrán ẹni tó kọ ọ́. Happiness ni! Ojú ti gbó díẹ̀, ó ti gé irun mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èjí eyín iwájú yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àtọ́kẹ́ rọra fi ìdí lé àga. Ó tó ọdún mọ́kànlá tí òun àti ọmọ yìí ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ègùn ni bàbá Happiness, ìyá rẹ̀ wá láti ìhà Warri, Gẹ̀ẹ́sì bùròkíìnì ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ náà! Nínú gbogbo ọmọ tí Àtọ́kẹ́ kọ́, kò sí èyí tó mọ ìwé ìtàn tú palẹ̀ tó o. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Àtọ́kẹ́ fẹ́ràn ọmọ yìí bí ẹni pé òun ló bí i, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà burú nìyẹn.

Nígbà náà, Àtọ́kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di aríran ni. Ìran rẹ̀ kì í sì í ta lẹ́nu. Á ní òun rí ìmọ́lẹ̀, òun rí odò, ìjọ á ṣe àmín ẹ̀yìn ẹnu, wọ́n á tún yíjú sí Ìyá Abraham, ògbólógbòó aríran tó jẹ́ pé kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, àwọn èèyàn ti ń sunkún. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Àtọ́kẹ́. Ìlara ni, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ní Ọjọ́rú kan, nígbà ìsìn ọ̀sán, ẹ̀mí gbé e. Ó rí bàtà. Bàtà funfun kan ṣoṣo tó léfòó nínú àgbàrá lẹ́bàá títì. Kò rí ẹsẹ̀, kò rí ẹni tó ni bàtà. Ó sì sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí i: "Bàtà kan nínú àgbàrá." Ó dákẹ́, nítorí ó ti tán.

"Ha! Jésù!" Gbogbo ìjọ pariwo.

Wọn ò ké bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ìyá Abraham pàápàá gbójú sókè wò ó. Ibẹ̀ ni Àtọ́kẹ́ ti ya ẹnu, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ kún un. Ó rí tírélà. Ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó rí yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá. Bó ṣe lajú, ẹni tó kọ́kọ́ rí níwájú rẹ̀ ni Happiness, tó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nà sí ọmọ náà kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ìyá ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Olùṣọ́ ìjọ pàṣẹ pé abẹ́ àbò ni kí ọmọ náà wọ̀: kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ méje gbáko, àdúrà ni kí wọ́n máa gbà lé e lórí láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ̀gbẹ́dá sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn ti ń ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, nítorí ilé-ìwé náà kò tíì gba àṣẹ láti ṣe é nílé. Inú ọjọ́ méje yẹn ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí, ibẹ̀ ni ìṣirò bọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni lítíréṣọ̀ Yorùbá tí Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ náà fún ọdún mẹ́ta.

Ṣé tíṣà ò mọ ọjọ́ ìdánwò ni? Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó! Ojoojúmọ́ ló ń dìde pé òun á lọ bá olùṣọ́, ojoojúmọ́ ló tún ń padà jókòó. Kí ni kó lọ sọ? Pé òun purọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́ nítorí kí wọ́n lè pariwo fún òun?

Tírélà kankan ò pa ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá lọ́sẹ̀ náà. Ìjọ ní àbò ló mú kí ewu náà kọjá. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n kó èso wá, wọ́n jó. Láti ọjọ́ náà ni Àtọ́kẹ́ ti di Ìyá Aríran. Ní ti Happiness, ìyá rẹ̀ ní ikú wà lójú ọ̀nà ìwé yẹn, ọmọ òun ò ní tọ̀ ọ́ mọ́. Ó mú un lọ sí Àgbàdo, ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ irun dídì. Ó parí bẹ́ẹ̀.

Báyìí, ìwé ti dé. Àtọ́kẹ́ kà á láàárín ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin inú ìwé ló ń sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀, lọ́nà ojú-mi-ló-ṣe. Ó sọ nípa ẹní tó sùn lé, nípa òórùn àbẹ́là, nípa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Kò bú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ojú ewé kẹtàdínláàádọ́rin, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lókè níbẹ̀: *Ohun tí aríran rí lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.* Ìyókù ojú ewé náà funfun báláú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kò mọ̀," ni Àtọ́kẹ́ sọ jáde, ó sì mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi yẹn ò pẹ́ lọ títí. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ náà: bí ọmọ yìí bá dé, ṣé òun á sọ ọ́ fún un, àbí òun á gbé e wọ sàréè? Bó bá jí láàárọ̀, á ní òun á sọ ọ́. Tó bá di ọ̀sán, ẹ̀rù á ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ dúró ṣá, ó ní láti kọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibùdó ìtàn. Ó ní kí wọ́n sọ ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Abigail, ọmọ olùṣọ́ ìjọ wọn, ní inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àtọ́kẹ́ ní kò burú, ṣé ó tán síbẹ̀?

"Kò tán síbẹ̀, mà." Àìṣát ló dáhùn. Ọmọ onílẹ̀ ni Àìṣát, ìdílé Mùsùlùmí tó ti wà ní Ìjẹ̀gùn kí ọ̀dà títì tó dé ibẹ̀. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í tán. "Ó ń gbọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń pe 'Ẹ̀gbẹ́dá! Ẹ̀gbẹ́dá! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!' Ibi tó yẹ kó lọ gan-an ni wọ́n ń pè. Ibùdó ìtàn yẹn ń fìyà jẹ ẹ́, mà."

Orí Àtọ́kẹ́ wú. Ó pẹ́ tó ti rí ọmọ tó ka ìwé báyìí. Ó tó ọdún mọ́kànlá.

"Mo tún ní ìbéèrè, mà," ni Àìṣát wí. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ẹnì kan lẹ́yìn ní "Àlùfáà ti dé o." Àìṣát ń bá tirẹ̀ lọ. "Ẹ kọ́ wa pé asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe kò lè mọ inú ẹlòmíì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A jẹ́ pé kò mọ̀ bóyá aríran yẹn rí tírélà lóòótọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ fún wa. Kí ló wá dé tí ó fi ojú ewé kẹtàdínláàádọ́rin sílẹ̀ lófìfo? Lójú tèmi, mà, ó fẹ́ kí ẹnì kan wá kọ nǹkan síbẹ̀ ni."

Àtọ́kẹ́ kọjú sí pátákó. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rántí ohun tó fẹ́ kọ. "Jókòó," ló wí. "A ó bi ẹni tó kọ ọ́."

Ọjọ́ Ẹtì tí Happiness dé, gbọ̀ngán kún. Ó wọ ìró àti bùbá àǹkárá, kò ṣe fújà, kò gbéra ga. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kúnlẹ̀ níwájú Àtọ́kẹ́ lójú gbogbo ayé. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà." Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ: "Ẹ wò wọ́n dáadáa o. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìwé kíkà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Àtọ́kẹ́ ń rẹ́rìn-ín, kò sì wo ojú ọmọ náà.

Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde. Àìṣát béèrè ohun tó béèrè ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ kan ò yí padà nínú rẹ̀: ṣé aríran náà rí tírélà, àbí kò rí i?

Happiness yíjú sí Àtọ́kẹ́. "Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tèmi láti dáhùn," ló wí. "Ṣùgbọ́n tíṣà yín wà nínú ìsìn náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n." Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó gbé máìkì wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Àtọ́kẹ́.

Àtọ́kẹ́ dìde. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra. *Bàtà nìkan ló rí.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ọ̀rọ̀ mélòó nìyẹn? Ṣùgbọ́n ó gbé ojú sókè, ó rí Abigail tó ti jókòó sí etí àga bí ẹní fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ relé. Ó rí Ọ̀gbẹ́ni Charles tó ń mi orí. Ó ro ọjọ́ Ìsinmi, ó ro bí yóò ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn èèyàn á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ó rí i," ló wí. Ohùn rẹ̀ le koko. "Aríran náà rí tírélà, ó sì rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má fi ohun ẹ̀mí ṣeré. Àìṣát, jókòó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àìṣát jókòó. Happiness gba máìkì padà, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìpàdé, Àtọ́kẹ́ sìn ín dé abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Happiness ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mà, ẹ rántí ìwé ìran?"

Àtọ́kẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò sí ìwé míì tí mo lè kà nínú ọgbà yẹn ju Bíbélì lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ṣí ìwé ìran. Bùrọ́dà Godswill ni akọ̀wé nígbà náà, ẹ sì mọ̀ ọ́n, kì í fo nǹkan kan. Ohun tó kọ rèé: *Bàtà kan nínú àgbàrá. Aríran dákẹ́. Ìjọ ké. Aríran tún bẹ̀rẹ̀.*" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mà. Ibi tí asọ̀tàn bá ti dákẹ́, ká dúró síbẹ̀ dáadáa. Mo dúró síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Ìdánwò Yorùbá yín ku ọ̀la."

"O mọ̀!" ni Àtọ́kẹ́ wí. "O mọ̀, o ò sì sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ ọ́ fún ta ni? Ẹ̀yin ni tíṣà, ẹ̀yin náà laríran. Màmá mi ì bá ní ẹ̀mí èṣù ló wọ̀ mí. Mo ń retí yín ni, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo géètì ọgbà yẹn pé ẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí mo wá kọ ìwé, mo ní kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí èyí ti jáde. Mo fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ fún yín. Lónìí, mo tún gbé máìkì lé yín lọ́wọ́."

Orúnkún Àtọ́kẹ́ kan ilẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin, tíṣà, Ìyá Aríran, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó kọ́ ní ìwé kíkà. "Mo purọ́, ọmọ mi. Bàtà nìkan ni mo rí. Dákun, foríjì mí."

Happiness wo ọ̀tún, ó wo òsì. Iyanrìn ni, àti ewé fúrúùtù. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, mà," ló wí. "Àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ kún ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì kún gbọ̀ngán." Ó fà á dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀ bí ọmọ gidi ṣe ń ṣe fún ìyá. Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Òótọ́ lé e bá lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ló ti bá a, níbi tí ojú ò tó wọn. Kí ni èyí fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni?

Àtọ́kẹ́ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní ara òun ò yá. Ó jókòó sílé, ó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀, nígbà tó sì di Ọjọ́ Ajé, ó ti pinnu. Òun á sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì, kí Abigail gbé e délé, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ó wọlé, wọ́n dìde kí i, wọ́n jókòó. Ó kọ ọ́ sí pátákó: *Ìdàgbàsókè ẹ̀dá ìtàn.*

"Kí á tó bẹ̀rẹ̀," ló wí, "mo fẹ́ ká padà sórí ìbéèrè Àìṣát. Àìṣát, dìde. Tún bi mí."

Àìṣát dìde. Kò wo ojú rẹ̀. "Kò sí ìbéèrè mọ́, mà."

"Mo ní kó o bi mí."

"Ẹ ti dáhùn ẹ̀, mà. Ó rí tírélà, ó sì rí ẹ̀jẹ̀."

Àtọ́kẹ́ sún mọ́ tábìlì Àìṣát. Ìwé ìtàn náà wà ní ṣíṣí níbẹ̀, ní ojú ewé kẹtàdínláàádọ́rin. Ibi tó funfun báláú ti kún. Àìṣát ti fi rúlà fa ìlà síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ kedere: *Ó rí i. Tíṣà wa wà níbẹ̀.* Àtọ́kẹ́ wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Bákan náà ni. Ó rìn dé ẹ̀yìn kíláàsì, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ti kọ ọ́, bíírò ni wọ́n sì fi kọ ọ́, bó ṣe kọ́ wọn láti máa ṣe sí ìdáhùn tó bá dájú.

Ó padà síwájú. Ogójì ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀, Abigail wà láàárín wọn, gbogbo wọn gbé bíírò lọ́wọ́.

"Ẹ ṣí i sí ojú ewé tó kàn," ló wí.